Ẹṣin Méjì, Idì Kan, àti Òdòdó Tí Kò Mọ Àwọ̀ Ara Rẹ̀

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Atẹ̀wé ni mí ní Mọ́kọ́lá, níbí ní Ìbàdàn. Oníbàárà mi kan ní kí n tẹ àmì ìdánimọ̀ Nàìjíríà sí iwájú ìwé ètò ayẹyẹ ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Mo wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí oríṣi mẹ́fà ó kéré tán. Ẹṣin ti ibí sanra, ti ọ̀hún rù. Òdòdó ìsàlẹ̀ pupa nínú èyí, ó yẹ́lò nínú ìyẹn. Èwo ni ojúlówó? Bàbá kan ládùúgbò wa tún ní ọmọ Ìbàdàn tó ya àsíá wa ló ya ìyẹn náà. Ṣé òótọ́ ni?"

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá atẹ̀wé. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ bàbá àdúgbò yín kúrò nílẹ̀, torí òun ló rọrùn jù. Bàbá mú ìdajì òótọ́, wọ́n wá fi ìfẹ́ Ìbàdàn dí ìdajì tó kù. Mi ò bá wọn wí, ọmọ ìlú yìí lèmi náà.

Àsíá ni iṣẹ́ Michael Táíwò Akínkúnmi. Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí ní 1936, Ibadan Grammar School ló lọ, ó sì ṣe iṣẹ́ ìjọba díẹ̀ nílùú yìí kó tó wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ nípa iná mànàmáná ní Norwood Technical College. Ibẹ̀ ló wà tó fi rí ìkéde pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò ya àsíá tí Nàìjíríà yóò ta lọ́jọ́ òmìnira. Ó ya àwọ̀ ewé, funfun, àwọ̀ ewé, ó sì fi oòrùn pupa kan sáàárín funfun náà. Àwọn tó ń ṣe ìdájọ́ yọ oòrùn kúrò, wọ́n mú ìyókù, wọ́n sì fún un ní £100. Ó padà wálé, ó ṣiṣẹ́ nídìí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn yìí náà ló sì kú sí ní oṣù kẹjọ ọdún 2023. Àwọ̀ ewé àti funfun ni wọ́n kun ilé rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá a kò nílò nọ́ńbà ilé.

Ibi àsíá ni tirẹ̀ parí sí. Àsíá sì yàtọ̀ sí ohun tí ẹ fẹ́ tẹ̀ yìí. Àsíá, àwòrán ni: ẹ gé aṣọ sí ọ̀nà mẹ́ta, ẹ kun ún, ó parí. Àmì ìdánimọ̀, tí gbogbo wa ń pè ní kóòtù-ọ́f-áàmù, kì í ṣe àwòrán nípìlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni. Ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn ìbéèrè yín wà, ẹ bá mi fara balẹ̀.

Ẹ rántí olóólà. Láyé àwọn bàbá wa, bí wọ́n bá gbé ọmọ lọ bá olóólà, wọn kì í mú àwòrán dání. Wọ́n á kàn ní "àbàjà mẹ́rin" tàbí "gọ̀ǹbọ́", olóólà á sì mọ ibi tí abẹ máa gbà. Ọwọ́ olóólà kan kì í rí bíi ti ìkejì. Ti ẹnì kan á jìn, ti ẹlòmíràn á fẹ́lẹ́, ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tóbi, ilà rẹ̀ á fẹ̀ sí i bó ṣe ń dàgbà. Síbẹ̀, ẹni tó bá pàdé àwọn méjèèjì lọ́jà Ọjàa-Ọba á mọ̀ pé ìran kan náà ni wọ́n. Orúkọ ilà ló ń pinnu, kì í ṣe ọwọ́ olóólà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kóòtù-ọ́f-áàmù. Gbólóhùn kan ló wà nídìí rẹ̀, ayàwòrán kọ̀ọ̀kan á sì ya ohun tí gbólóhùn náà sọ. Bí mo bá ní kí n sọ ti Nàìjíríà ní Yorùbá, báyìí ni mo máa sọ ọ́: asà dúdú, tí ọ̀nà funfun onígbì kan wà lára rẹ̀ bí lẹ́tà Y, lókè asà, òṣùká aláwọ̀ ewé àti funfun tí wọ́n lọ́ pọ̀, lórí òṣùká, ẹyẹ idì pupa tó ń na ìyẹ́, ẹṣin funfun kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí wọ́n gbé asà dúró, koríko àti òdòdó lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ọ̀já tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí nísàlẹ̀ pátápátá. Ó tán. Kò sẹ́ni tó sọ bí ikùn ẹṣin ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, tàbí iye ìyẹ́ tó wà nídìí ẹyẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí ẹṣin tó sanra àti èyí tó rù, tí kò sì sí èyí tó purọ́ nínú wọn.

Ọ̀dọ̀ àwọn ará Yúróòpù ni iṣẹ́ yìí ti wá, láti ọ̀rúndún kejìlá. Àwọn jagunjagun wọn ń fi irin bo orí àti ojú, a kì í mọ ẹni tó wà nínú irin, ni oníkálukú bá kun asà rẹ̀ lọ́nà tirẹ̀. Kò pẹ́ tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí jogún asà bàbá, tí ìjà sì ń ṣẹlẹ̀ lórí ta ló kọ́kọ́ lo èwo. Wọ́n wá yan àwọn akọ̀wé tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀. Ilé iṣẹ́ irú àwọn akọ̀wé bẹ́ẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, College of Arms, láti 1484 ló ti wà. Faransé àtijọ́ ni wọ́n ṣì fi ń pe àwọ̀ di òní: "sable" ni dúdú, "argent" ni funfun tàbí fàdákà, "gules" ni pupa. Àwa tí a ní "dúdú kirimú" àti "pupa fòò" kò yẹ kí ìyẹn yà wá lẹ́nu.

Wọ́n ní òfin kan tí ẹ̀yin atẹ̀wé máa fẹ́ràn. Wọ́n pín àwọ̀ sí agbo méjì. Wúrà àti fàdákà, ìyẹn àwọ̀ ìyeyè àti funfun, wà lápá kan. Pupa, dúdú, àwọ̀ ewé, búlúù àti elésè àlùkò wà lápá kejì. Ẹ kò gbọdọ̀ gbé ará agbo kan lé ará agbo rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ bánà mọ ìdí rẹ̀: ẹ kọ yẹ́lò sórí funfun, kí ẹ sọdá títì, ẹ kò ní lè kà á mọ́. Bí ẹ bá kọ pupa sórí dúdú náà, ẹ̀fọ́ àti ọbẹ̀ ló ṣe pọ̀ yẹn. Ẹ wá wo ti Nàìjíríà: funfun lórí dúdú. Ẹ lè dúró ní Dùgbẹ̀ kí ẹ rí i lórí òrùlé Òkè-Màpó, bí ojú yín bá dá. Idì pupa kò sí lórí dúdú, ojú sánmà ló bà lé, kò rú òfin kankan.

Ká tó dé 1960, kò sí ẹṣin, kò sí idì. Mo ní kọ́bọ̀ oníhò kan tí ìyá ìyá mi fi sílẹ̀, ó wà níwájú mi lórí tábìlì bí mo ṣe ń kọ èyí. Kì í ṣe kọ́bọ̀ ti náírà o, kọ́bọ̀ ayé ọ̀níní, tọ́rọ́ àti sísì. Ó ti pọ́n bí ewé àgbàdo gbígbẹ. Lójú kan, adé wà lókè ihò, orúkọ Ọbabìnrin Elizabeth sì yí i ká. Lójú kejì, ìràwọ̀ onígun mẹ́fà ló yí ihò náà po, onígun mẹ́ta méjì tí wọ́n wọnú ara wọn, ọdún 1959 sì wà lára rẹ̀. Ìràwọ̀ yẹn ni àmì Nàìjíríà nígbà amúnisìn, láti ìgbà tí wọ́n ti so Gúúsù pọ̀ mọ́ Àríwá ní 1914. Lórí àsíá ìjọba, àwọ̀ ewé ni wọ́n fi yà á, adé wà láàárín rẹ̀, nínú òbírí pupa. Nígbà tí ọmọ mi kọ́kọ́ rí kọ́bọ̀ yìí, ó ní ṣé àwọn ará Ísírẹ́lì ló ṣe é ni. Mo ní kó lọ bi àáfà kọ̀rọ̀ ilé wa. Àáfà wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní: "Òǹtẹ̀ Ànábì Sulaimọ́nù." Àmì kan ṣoṣo, ojú tí kálukú fi ń wò ó yàtọ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sórí asà dúdú. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn, mo sì ní àpá tí mo gbà níbẹ̀.

Y funfun yẹn, omi ni. Apá òsì tó ti òkè wá ni Odò Ọya, apá ọ̀tún ni Odò Bẹ́núé, ibi tí wọ́n ti so ni Lọ́kọ́jà, ìrù rẹ̀ tó lọ sílẹ̀ ni omi tó ń lọ sí òkun. Bí ẹ bá tẹ́ máàpù Nàìjíríà sílẹ̀, kí àríwá wà lókè, kí ẹ wá gbé asà lé e, ẹ ó rí i pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Máàpù ni asà náà. Nínú iṣẹ́ àwọn Òyìnbó, Y yìí ní orúkọ tirẹ̀. Àdàkọ ọ̀já tí Póòpù máa ń fi sí ọrùn bíṣọ́ọ̀bù àgbà ni, ó sì wà nínú àmì àwọn bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury. Àwọn tó ṣe tiwa mú ọ̀já àlùfáà, wọ́n mú kí etí rẹ̀ máa rú bí ìgbì, ó di odò. Mi ò mọ ohun mìíràn tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo àmì náà. Ẹni tó bá ti gun òkè Patti ní Lọ́kọ́jà á ti rí i fúnra rẹ̀: omi méjèèjì pàdé, ṣùgbọ́n wọn kò tètè gbà láti dà pọ̀, àwọ̀ ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì, wọ́n á jọ máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún ìgbà díẹ̀ bí ọkọ àti ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jà tán.

Àpá tí mo ní nìyí. Ní bí ọdún kejì tí mo parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà, ọ́fíìsì ìjọba kan ní kí n fi sìmẹ́ńtì ṣe àmì náà sára ògiri ẹnu géètì wọn. Mo fi ọjọ́ mẹ́rin wà lórí àkàbà. Mo fi ojú ọ̀bẹ fá iṣan itan ẹṣin títí ó fi dà bíi pé wọ́n máa mí. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, inú mi ń dùn, mo ń retí kẹ́nì kan yìn mí. Dírẹ́bà àgbàlagbà kan tó ń nu mọ́tò ló kọ́kọ́ wá. Ó fi ìnumọ́tò sí èjìká, ó wò ó, ó wò ó títí, ó wá ní: "Ọ̀gá ayàwòrán, ẹ jọ̀ọ́, odò tiyín yìí, ṣé òkè ló ń ṣàn lọ ni?"

Mo gbójú sókè. Mo ti dorí Y kodò. Igi kan dúró láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ẹ̀ka méjì já sílẹ̀ bí ṣòkòtò tí wọ́n sá. Ìwé tí mo ń wò ni mo gbé sódì nígbà tí mo ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà asà, ẹṣin ni mo sì gbájú mọ́ láti ọjọ́ náà. Dírẹ́bà yìí ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ọkọ̀ gba Lọ́kọ́jà kọjá, òun mọ ibi tí omi ń lọ. Sìmẹ́ńtì ti gbẹ. Mo fi òòlù àti tíṣẹ́lì gé e fún ọjọ́ méjì, lówó ara mi. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá rí àmì Nàìjíríà níbikíbi, lórí ìwé ẹ̀rí, lára fìlà aṣọ́bodè, Y ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹ má rò pé èmi nìkan ló ti ṣe é rí.

Àwọn kan máa ń sọ pé Y náà pín asà sí mẹ́ta nítorí ẹkùn mẹ́ta tó wà ní 1960: Àríwá lókè, Ìwọ̀-Oòrùn lápá kan, Ìlà-Oòrùn lápá kejì. Ẹ má bá wọn jà. Odò méjèèjì ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n odò méjèèjì náà ló ya àwọn ẹkùn yẹn sọ́tọ̀ dé àyè kan, ọ̀rọ̀ wọn kò jìnnà sí ilé. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú rẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n yọ Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn jáde ní 1963, tí ẹkùn mẹ́rin wá di ìpínlẹ̀ 12 ní 1967, tó fi wá di 36 tí a ń kà lónìí, kò sẹ́ni tó ní láti fọwọ́ kan asà. Omi kò mọ ààlà ìpínlẹ̀.

Dúdú ara asà, ilẹ̀ ọlọ́ràá ni wọ́n ní ó dúró fún. Ẹni tó bá ti gbẹ́ kòtò ilé ní Mọ́níyà mọ̀ pé ilẹ̀ tiwa pupa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbà fún wọn.

Ẹṣin wá ńkọ́? Iyì ni ìtumọ̀ tí wọ́n fi kọ́ wa nílé-ẹ̀kọ́, wọn kì í sì í ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nílẹ̀ Yorùbá, àlàyé náà kò ṣòro. Ẹṣin kì í pẹ́ láyé nínú igbó, eṣinṣin tsetse kì í jẹ́. Ẹni tó bá wá ní ẹṣin nísàlẹ̀ odò, tó ń rí koríko rà fún un, tó ní ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀, ọlọ́lá ni. Àwọn agbẹ́gilére wa mọ̀ ọ́n: ẹ wo òpó ààfin àtijọ́, ẹ ó rí jagunjagun lórí ẹṣin, ọkùnrin náà ga bí òkè, ẹṣin abẹ́ rẹ̀ kéré bí òbúkọ. Kì í ṣe pé wọn kò mọ bí ẹṣin ṣe ń rí. Ẹni tó gùn ún ni wọ́n ń kì.

Ìbàdàn fúnra rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú ẹṣin. Bùdó ogun ni wọ́n fi ìlú yìí ṣe láti nǹkan bí 1829, ẹsẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun wa fi ń rìn. Ní nǹkan bí 1840, àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ni wọ́n lọ kò lójú ní Òṣogbo, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti dá wọn dúró. Olùkọ́ ìtàn kan tó kọ́ mi máa ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ bó bá ń tọ́ka sí àwòrán inú ìwé: "Ẹṣin tí a lé ní Òṣogbo, òun ni wọ́n tún fi ṣe iyì fún wa." Gbogbo kíláàsì á rẹ́rìn-ín, àfi ọmọ Ìlọrin kan ṣoṣo tó jókòó lẹ́yìn.

Fún iṣẹ́ tiyín, ohun méjì ni kí ẹ kíyè sí lára ẹṣin: funfun ni wọ́n, asà ni àwọn méjèèjì sì kọjú sí. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kẹ̀yìn sí asà bíi pé wọ́n ń bínú kúrò níbi ìpàdé. Idì náà, ẹ má jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yí i sódì. Nínú iṣẹ́ yìí, ọ̀tún àti òsì, ti ẹni tó wà lẹ́yìn asà ni, kì í ṣe ti àwa tí à ń wò ó. Ẹranko tí wọn kò bá sọ ibi tó kọjú sí, ọ̀tún asà ló ń wò, ìyẹn òsì tiwa. Ẹ kàn tẹ bọ́tìnnì kan nínú CorelDRAW, idì á kọjú sódì, kò sì sẹ́ni tó máa rí i títí wọ́n á fi tẹ̀ ẹ́ ní ẹgbẹ̀rún kan. Agbára ni idì yìí dúró fún, òun náà ló sì wọnú orúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa: Green Eagles ni wọ́n ń jẹ́, lẹ́yìn ife ẹ̀yẹ Áfíríkà tí Kamẹrúùnù gbà mọ́ wa lọ́wọ́ ní àṣekágbá 1988 ni wọ́n di Super Eagles. Ẹ má sì jẹ́ kí oníbàárà kankan gbé àmì tó ní erin wá fún yín pé òun náà ni. Erin, ti ọlọ́pàá nìyẹn.

Òdòdó ló kù, ibẹ̀ ni ẹ̀sùn yín ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù.

Òdòdó tí wọ́n ní ó wà lórí koríko yẹn ni Costus spectabilis, òdòdó orílẹ̀-èdè wa. Ẹ mọ mọ̀lẹ́bí rẹ̀ dáadáa: tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún, tí àwọn eléwé ọmọ máa ń tà, tí ìtì rẹ̀ ga tó sì kún fún omi. Ṣùgbọ́n òun kì í ga. Ilẹ̀ ọ̀dàn ló ń hù sí. Ewé rẹ̀, bíi mẹ́rin, máa ń sùn gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí àwo, òdòdó á wá yọ láàárín wọn, ó fẹ̀, ó sì rọ̀ bí ìwé tí omi kàn. Àwọ̀ rẹ̀? Ìyeyè ni. Yẹ́lò gbẹ́rẹ́fu. Kò ní pupa nínú.

Síbẹ̀ pupa ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán kùn ún, láti ọdún gbọọrọ, nínú ìwé àwọn ọmọ iléèwé, lára ògiri, lórí pátákó. Kí ló fà á? Èrò tèmi ni pé olóólà kò rí ojú ọmọ rí. Ẹni tó bá ya òdòdó látinú ọ̀rọ̀, tí kò tíì rí i lóko rí, á ya òdòdó tó mọ̀, pupa ló sì máa ń wá sí orí ènìyàn, pàápàá nígbà tí idì pupa ti wà lókè tó ń pe nǹkan pupa mìíràn sísàlẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e á wo tẹni àkọ́kọ́, á dà á kọ. Bí àṣìṣe ṣe ń di àṣà nìyẹn. Àwọn tó wá mọ ewéko dáadáa ń fi àwọ̀ ìyeyè ya tiwọn báyìí, ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí méjèèjì. Tí wọ́n bá ní kí èmi yàn, ìyeyè ni mo máa yàn, nítorí ohun tí ọ̀rọ̀ sọ ló gbọ́dọ̀ borí ohun tí ọwọ́ ti mọ́ lára. Ṣùgbọ́n tí oníbàárà bá ní ẹ̀dà tí ìjọba fún un, ohun tó wà lára ẹ̀dà yẹn ni kí ẹ tẹ̀, ẹ má tún òdòdó ìjọba kùn.

Ẹ tún ka ọ̀rọ̀ inú ọ̀já kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Òfin ilẹ̀ wa, abala 15(1), ló kọ ọ́ sílẹ̀, láti ti 1979 títí di ti 1999: "Unity and Faith, Peace and Progress." Ìṣọ̀kan àti ìgbàgbọ́, àlàáfíà àti ìlọsíwájú. Kó tó di ìparí àwọn ọdún 1970, gbólóhùn tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wà níbẹ̀, torí náà bí ẹ bá rí èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó lè jẹ́ ti àtijọ́, kì í ṣe pé wọ́n jẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ má lò ó fún iṣẹ́ òní. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Mo ti rí káàdì ìpè kan tí àlàáfíà ti ṣáájú ìṣọ̀kan.

Bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹ fi wúrà nìkan tẹ̀ ẹ́, láìkun àwọ̀ kankan, ẹ má bẹ̀rù. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà lára èèpo ìwé ìrìnnà wa. Ìrísí tó bá pé ti tó.

Ó ku ohun tí ẹ kò bi mí. Òfin kan wà tó ń jẹ́ Flags and Coat of Arms Act, ó wà ní F30 nínú àkójọ òfin ti 2004. Àmì yìí kì í ṣe òdòdó ẹ̀bá ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni lè já. Ìjọba ló ni í, ẹni tí yóò lò ó fún okòwò tàbí tí yóò fi jọ pé ìjọba wà lẹ́yìn òun gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Bí ilé-ẹ̀kọ́ náà bá jẹ́ ti ìjọba, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní lẹ́tà àti ẹ̀dà àmì tí wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì. Bó bá jẹ́ ti aládàáni, tí wọ́n kàn fẹ́ kí ìwé ètò wọn "ṣe bí ti ìjọba," ẹ fi ọgbọ́n sọ fún wọn pé báàjì ilé-ẹ̀kọ́ wọn ló yẹ níwájú ìwé. Wọ́n lè bínú díẹ̀. Owó iṣẹ́ kò ní yí padà, páálí kan náà ni ẹ máa lò.

Bí lẹ́tà bá wá dé, tí ẹ sì ti ṣe é tán lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ ẹyọ kan sórí ìwé lásán, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ pe ẹni tó bá ń kọjá lọ kó wò ó. Dírẹ́bà ló dáa jù.